Ọwọ́ Tó Di Dígí Mú

Omi àlùwàlá ló kọ́kọ́ tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà fún Muminat. Ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù ni, àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ó bu omi sẹ́nu láti fi ṣan ẹnu kó tó kírun àsùbáà, ṣùgbọ́n omi náà kò dúró. Ó gba igun ẹnu rẹ̀ lápá òsì ṣàn jáde, ó sì ń kán sí àyà aṣọ rẹ̀. Ó rò pé oorun ló ṣì wà lójú òun. Ó tún bu òmíràn, òun náà tún dà nù. Ìgbà tó wá gbójú sókè wo dígí ara ògiri, igbe tó ké ló jí ọkọ rẹ̀.

"Awwal! Awwal, wá wò mí o!"

Apá òsì ojú rẹ̀ ti wọ́ wálẹ̀ bí aṣọ tí èèkàn ti yọ lára rẹ̀. Ìpéǹpéjú ibẹ̀ kò pa dé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ibẹ̀ kò mì, ẹnu rẹ̀ sì ti fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Rọpárọsẹ̀ ni ohun tó wá sí ọkàn àwọn méjèèjì, kò sì sí ẹni tó lè pè é lórúkọ. Awwal wọ bàtà ọ̀tún sẹ́sẹ̀ òsì, ó gbé Muminat sínú mọ́tò, ó di ilé ìwòsàn.

Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní kó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, kó rìn, kó ka orúkọ àwọn oṣù. Lẹ́yìn èyí ló ní kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Iṣan tó ń darí ojú ló wú, ó sì ti há. Ó ní ti ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bọ̀ sípò láàárín oṣù díẹ̀, ti àwọn mìíràn a máa pẹ́, ti àwọn kan kì í sì í padà tán. Nínú gbogbo ohun tí dókítà sọ, gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yìí nìkan ni Muminat gbé délé.

Ọmọ Ìwó ni Muminat. Apòògùn ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà oògùn kan ní Uptown, àdúgbò tí òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, ìrìn díẹ̀ sí ibi tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ń dúró. Ẹ̀rín ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n nídìí káńtà. Àwọn àgbàlagbà tó bá wá gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru a máa dúró dè é, bí ẹlòmíràn tilẹ̀ ń pè wọ́n pé àyè ṣí sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun máa ṣiṣẹ́ nínú yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń ka oògùn sínú ìgò. Kò sẹ́ni tó lé e síbẹ̀. Ó kàn fẹ́ ibi tí ojú èèyàn kò ti ní tó òun ni.

Bó bá ti fẹ́ jáde nílé, á wọ ìbòmú, ó di ìgbà tó bá wọlé padà. Àrùn Kòfíìdì ti mú kí ìbòmú mọ́ aráyé lójú, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi í léèrè. Oúnjẹ ọ̀sán, òun nìkan ló ń jẹ ẹ́ nínú mọ́tò, ọwọ́ kan á máa gbá ètè rẹ̀ mú kí omi má baà dà. Ọ̀rọ̀ sísọ pàápàá di làálàá. Ẹ gbọ́ ná: orúkọ rẹ̀ gan-an kò rọrùn fún un láti pè mọ́, nítorí ètè kò ní pàdé kí ohùn náà tó jáde. Nígbà tí ìyá rẹ̀ bá pè é láti Ìwó, á ní ibi tó ń yàwòrán lára fóònù òun ti bàjẹ́, ohùn nìkan ni kí wọ́n máa fi sọ̀rọ̀.

Nínú ilé, ó gbé táwẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ ewé kan kọ́ sórí dígí balùwẹ̀. Èyí tó wà ní yàrá, ó yí i kọjú sí ògiri. Awwal rí i, ó sì fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Awwal ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan láàárín ìgboro. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ẹ̀rù ojú sì máa ń bà á. Láti kékeré, bó bá rí ẹni tó ń fi ìka kan ẹyinjú, ara rẹ̀ á bù máṣọ. Síbẹ̀, òun ló ń tọ́jú ojú Muminat. Nítorí pé ìpéǹpéjú òsì kò pa dé, bó bá sùn báyẹn, ojú náà á gbẹ, á sì bó. Nítorí náà, kí wọ́n tó sùn, Awwal á kán oògùn sí i, á fi ìpara sí i, á fi ìka fa ìpéǹpéjú náà wálẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á sì fi téèpù lẹ̀ ẹ́. Ní àárọ̀, á tún fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ téèpù náà kó tó ṣí i, kó má baà fa irun ojú rẹ̀ tu. Muminat á dúró gbọn-in, á máa wo àjà. Bí wọ́n bá ti ṣe tán, á kọ ẹ̀yìn sí i. Kì í ṣe pé inú ń bí i sí ọkọ rẹ̀. Kò kàn fẹ́ kó wo òun ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dúró sí nìyẹn nígbà tí Josephine Oyèwùmí wá kí i. Olùkọ́ ni Josephine, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní àwòrán yíyà ní Oak Park, ìlú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Chicago. Ìdí káńtà oògùn ni òun àti Muminat ti pàdé, ìfẹ́ sì wọ̀ ọ́ títí wọ́n fi di ọ̀rẹ́. Ó ju Muminat lọ lọ́jọ́ orí, Àǹtí sì ni Muminat ń pè é. Ó ní ẹgbẹ́ kékeré kan tó kó jọ, àwọn ọmọ Yorùbá díẹ̀ tí wọ́n máa ń pàdé ní ọ̀sán Sátidé kan lóṣù ní gbọ̀ngàn àfihàn àwòrán kan ládùúgbò rẹ̀. Wọn á jókòó síwájú àwòrán kan ṣoṣo, wọn á sì sọ ohun tí wọ́n rí.

"Àǹtí, mi ò lè lọ síbi tí èèyàn wà," ni Muminat wí.

"Èmi náà mọ̀. Ṣùgbọ́n rò ó wò. Ní ibẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnìkejì rẹ̀. Àwòrán ni gbogbo wa máa kọjú sí. Àwòrán ọ̀hún kò sì ní wò ọ́ padà."

Ẹ̀rín fẹ́ pa Muminat. Ó gbé ọwọ́ bo ẹnu kí ẹ̀rín náà má baà jáde ní wíwọ́. Ó ní òun á wá.

Bó ṣe di Sátidé, ó wọ ìbòmú rẹ̀, ó fa híjáàbù rẹ̀ síwájú, ó sì wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Oak Park. Ó bá àga mélòó kan tí wọ́n tò síwájú àwòrán ńlá kan. Àwọn tó bá níbẹ̀ kò pọ̀. Bàbá Ọbádáre wà ní ìjókòó iwájú, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó wá láti Auburn Gresham lápá gúúsù Chicago, etí rẹ̀ kò sì gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́. Níyìolúwa jókòó tẹ̀ lé e, ọ̀dọ́bìnrin tí wọ́n bí sí Chicago, tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà. Muminat kúnlẹ̀ díẹ̀ kí Bàbá, ó sì lọ jókòó sí ìpẹ̀kun.

Àwòrán náà rèé. Obìnrin kan jókòó lórí àpótí, ó kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa. Ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, bí ojú ẹni tó jókòó sí ibi tí iná kò dé. Dígí ńlá kan, onígi lẹ́tí, wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tó wà nínú dígí náà mọ́lẹ̀ rekete, ó tàn bí ojú ẹni tó kọjú sí oòrùn àárọ̀. Obìnrin kan náà ni, kò sí àní-àní, imú kan náà, irun kan náà. Ọ̀kan dúdú, ọ̀kan tàn.

"Ẹ wò ó dáadáa," ni Josephine wí. "Ẹ má kánjú. Kí lẹ rí?"

Bàbá Ọbádáre ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹni tó wu obìnrin yìí láti jẹ́ ló wà nínú dígí. Èyí tó jókòó yìí ni ẹni tó jẹ́. Gbogbo wa la ní irú ojú méjì bẹ́ẹ̀."

"Èmi, sà, mo think pé fílítà ni," ni Níyìolúwa wí, ohùn rẹ̀ dà bíi ti àwọn ọmọ Amẹ́ríkà. "Bí àwa ṣe máa ń tún fọ́tò ṣe ká tó gbé e síta. Àwọn èèyàn á máa like ẹni tó wà nínú dígí, ẹni tó jókòó á wá máa dá wà. It's so sad."

Josephine mi orí. "Muminat ńkọ́?"

Ojú Muminat kò tilẹ̀ sí lára obìnrin náà mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́ òun náà ti wo ojú méjèèjì, èyí tó ṣókùnkùn àti èyí tó tàn, ó sì ti rò ó nínú ara rẹ̀ pé ìlàjì ojú òun rèé, ìlàjì rèé. Ìyẹn dùn ún, ó sì gbé ojú kúrò níbẹ̀. Ibi tó gbé e sí ni etí dígí. Ibẹ̀ ló ti rí nǹkan. Ó sún mọ́ iwájú. Ó sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há sínú ìbòmú.

"Mi ò gbọ́ ọ, ọmọ mi," ni Bàbá Ọbádáre wí, ó dẹ etí sílẹ̀. "Yọ nǹkan ẹnu rẹ yẹn, jọ̀ọ́. Ẹnu èèyàn ni mo fi ń gbọ́rọ̀ nísinsìnyí."

Muminat fi ọwọ́ tẹ ìbòmú náà mọ́ ẹnu. Josephine ti la ẹnu láti gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n Bàbá ṣì ń dúró, ó tẹjú mọ́ ọn, ó ń retí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó ń retí omi. Báwo ni èèyàn ṣe máa sọ fún irú àgbà bẹ́ẹ̀ pé rárá? Ó na ọwọ́ sí etí, ó yọ ìbòmú náà.

"Mo ní, ta ló ni ọwọ́ wọ̀nyí?"

"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Bàbá wí. "Mo wá gbọ́. Ọwọ́ wo?"

Ìyẹn ni gbogbo ohun tó sọ. Kò sọ ti ojú. Ó ti yíjú sí àwòrán, ó ń wá ọwọ́ náà kiri. Níyìolúwa pẹ̀lú ti dìde, ó ti lọ sún mọ́ ọn.

"Oh, wow. Òótọ́ ni. Ìka wà níbí. Lápá kejì náà."

Dígí náà kò rọ̀ sára ògiri. Ẹnì kan ló dì í mú. Ọwọ́ méjì ló gbá etí dígí náà mú láti ẹ̀yìn, ìka nìkan ló yọ síta. Kò sí orí, kò sí ọrùn, dígí ti bo onítọ̀hún.

"Àǹtí, ta ni?" ni Muminat tún bèèrè.

"Ẹni tó yà á kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó sì ti kú. Ohun tí ìwọ bá rí là ń fẹ́ gbọ́."

Muminat nàka sí etí dígí náà. Ó rọra ń to ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ètè lè gbé e. "Dígí tó tó báyìí, ó wúwo. Ẹ wo oríkèé ìka yẹn, ẹ̀jẹ̀ ti kúrò níbẹ̀, ó ti funfun. Ó ti pẹ́ tó ti gbé e dúró. Bí kò bá sí ọwọ́ yìí, dígí á ṣubú, obìnrin yìí kò ní rí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n kò wo ibẹ̀. Àwa náà kò wò ó. Ojú ara rẹ̀ nìkan ló ń wò. Bóyá ó dára, bóyá kò dára, òun nìkan ló..."

Ó rí ọwọ́ Awwal lójú inú rẹ̀, ìka tó máa ń fa ìpéǹpéjú òun wálẹ̀. Ó rí àwo omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ náà. Gbogbo ìgbà wọ̀nyẹn, ó ti ń rò pé ojú òun ni ọkọ òun ń wò. Kò ronú kan ọwọ́ rẹ̀ rí. Omi dà lójú rẹ̀. Ojú òsì ti máa ń da omi tẹ́lẹ̀ nítorí àìsàn, bí ojú òsì nìkan bá ni, kò sẹ́ni tí ìbá mọ̀. Ojú ọ̀tún ló tú àṣírí rẹ̀.

Bàbá Ọbádáre kò yíjú sí i. Àwòrán ló ń bá sọ̀rọ̀. "Nígbà tí ìyàwó mi ń ṣàìsàn, èmi ni mo ń di irun fún un. Mi ò mọ irun dì rárá. Á gbé ọwọ́ lé e lórí, á ní, 'Ọbádáre, o ṣeun.' Kò sọ ọ́ lọ́jọ́ kankan pé ó wọ́." Ó fọwọ́ kan orí ara rẹ̀. "Ó wọ́ o."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Muminat rẹ́rìn-ín pẹ̀lú, kò sì rántí gbé ọwọ́ bo ẹnu.

Ìrọ̀lẹ́ kò tíì lẹ́ tán nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Uptown. Yìnyín fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ń jábọ́. Bó ṣe dé ojú ọ̀nà ilé wọn, ó rí mọ́tò wọn níbi tí wọ́n gbé e sí, èèyàn sì wà nínú rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó bẹ ojú wo inú fèrèsé. Awwal ni. Ó wọ kóòtù, ó wọ fìlà, ó na ọrùn sókè sí dígí kékeré tó wà níwájú dírẹ́bà, ó ń fi ẹ̀rọ gẹ irùngbọ̀n.

Muminat kan fèrèsé náà. Awwal fò.

"Kí lò ń ṣe níbí?"

"Irùngbọ̀n ni mò ń gẹ."

"Nínú òtútù yìí?"

Awwal wo ilẹ̀. "Dígí inú ilé ti wọ híjáàbù."

"Ìgbà wo lo ti ń ṣe èyí?"

"Ó ti ṣe díẹ̀. Kò le, ìmọ́lẹ̀ tiẹ̀ dára níbí ju ti balùwẹ̀ lọ."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń jí ẹran jẹ. Muminat ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó wọlé, ó jókòó tì í. Ọ̀rọ̀ tó ti tò sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin fò lọ lórí rẹ̀ pátápátá. Ó kàn di ọwọ́ tí ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀ mú. Ó tutù bí omi kànga.

"Awwal, o ṣeun."

"Nítorí kí ni?"

"Ojú mi. Téèpù. Omi àárọ̀. Gbogbo rẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jà ọ́ lólè."

Awwal pa ẹ̀rọ náà. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́," ló wí, "lẹ́yìn tí mo lẹ̀ ẹ́ tán, mo lọ sí ilé ìdáná, mo bì. Mi ò fẹ́ kó o mọ̀. Mo rò pé wàá ní kí n má ṣe é mọ́."

"Kí ló dé tó o wá ń ṣe é lọ?"

"Ta ni kó ṣe é?"

Wọ́n gòkè lọ sínú ilé. Muminat kò bọ́ kóòtù rẹ̀. Balùwẹ̀ ló kọjá sí tààrà, ó fa táwẹ́ẹ̀lì náà wálẹ̀, ó sì tan iná. Kò sí iṣẹ́ ìyanu kankan níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ṣì wọ́ bó ṣe wọ́ lánàá.

"Kú àtijọ́ o," ló wí fún ojú náà.

Awwal yọjú lẹ́yìn rẹ̀ láti ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ti gbàgbé pé òun kò tíì gẹ irùngbọ̀n òun tán. Ẹ̀gbẹ́ kan ti mọ́ tónítóní, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣì ń ṣe ṣákaṣàka bí oko tí wọn kò ro. Muminat wo ti ọkọ rẹ̀, ó wo tirẹ̀, ojú méjèèjì ní ìlàjì-ìlàjì nínú dígí kan. Ẹ̀rín tó bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ó wọ́ débi tó wọ́ dé, kò sì bìkítà. Awwal náà gbè é. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ará ilé òkè fi gbá ilẹ̀ gbì-gbì pé ó tó.

Kó tó jẹun, ó pe ìyá rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ojú òun hàn. Ìyá rẹ̀ gbé fóònù sún mọ́ imú, ó wò ó, ó tún un wò. "Muminat! O ti rù! Kí ni wọ́n ń fún yín jẹ níbẹ̀?" Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó bèèrè ohun tó ṣe ẹnu rẹ̀. Ó gbọ́ ọ dé ìdí, ó sunkún díẹ̀, ó ṣe àdúà púpọ̀, ó sì bínú pé wọ́n fi pamọ́ fún òun. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n gbé fóònù fún Awwal. Ohun tí àwọn méjèèjì sọ, Muminat kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ó rí i pé Awwal dọ̀bálẹ̀ síwájú fóònù nínú pálọ̀.

Ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ nígbà tí yìnyín ń yọ́. Ìpéǹpéjú ló kọ́kọ́ pa dé, lẹ́yìn náà ẹ̀rẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Kò bọ̀ tán. Bí Muminat bá rẹ́rìn-ín, apá òsì máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó bá ti ọ̀tún. Ṣùgbọ́n kó tó di pé ó san tó bẹ́ẹ̀ ló ti padà sídìí káńtà láìsí ìbòmú. Ìyá arúgbó kan tó wá gba oògùn wò ó, ó ní, "Ibo lo wà láti ọjọ́ yìí? Wọ́n kàn ń sáré lé mi lórí níbí." Muminat ní Alhamdulillahi, òun ti dé.

Kí wọ́n tó ká àfihàn náà kúrò nílẹ̀, Muminat mú ọkọ rẹ̀ lọ sí Oak Park láti lọ wo àwòrán obìnrin náà. Ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ti dígí, ti ìka tó funfun. Awwal jókòó síwájú àwòrán náà, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Josephine, Níyìolúwa àti Bàbá Ọbádáre wà níbẹ̀.

"Kí lẹ rí, bọ̀dá Awwal?" ni Níyìolúwa bèèrè.

Awwal fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Ẹ̀yin ń wo ojú tó wà nínú dígí," ló wí. "Ẹni tó di dígí mú kò rí ìyẹn. Ẹ̀yìn dígí ló wà. Òun kò mọ̀ bóyá ó ṣókùnkùn ni o, bóyá ó tàn ni o. Bó bá yọjú díẹ̀ lókè dígí, obìnrin yẹn gan-an ló ń rí."

Josephine tún wo ìka wọ̀nyẹn.

"Ọwọ́ kì í ro ó ni?" ló bèèrè.

"Ó ń ro ó, mà. Á kàn yí ọwọ́ padà ni."

Bàbá Ọbádáre, tó ti dẹ etí láti ìbẹ̀rẹ̀, mi orí léraléra. Muminat sún àga rẹ̀ mọ́ ti ọkọ rẹ̀ títí àga méjèèjì fi kan ara wọn, ọkàn rẹ̀ sì kún fún ọpẹ́. Bí wọ́n ṣe jókòó nìyẹn, títí Josephine fi ní kí wọ́n jẹ́ kí àwọn kọjá sí àwòrán tó tẹ̀ lé e. Àwòrán ẹja mẹ́ta nínú abọ́ ni. Awwal yí orí sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sétí ìyàwó rẹ̀ pé èyí kò yé òun rárá o.